Bí Ọwọ́ Tó Mọ Iṣẹ́ Ọkọ́ Bá Ṣàdédé Gbàgbé Iṣẹ́ Rẹ̀

 Ọ̀rọ̀ ìlera la máa ń sọ lọ́sẹ̀ kan, a sì máa ń sọ ti ọjà lọ́sẹ̀ kejì. Ti òní pa méjèèjì pọ̀, torí bí ọwọ́ ò bá ṣiṣẹ́, àpò ló kọ́kọ́ ń mọ̀.

Ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ní ìhà Kèrè ló fi ìbéèrè ránṣẹ́. Wọ́n ní: "Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tó ti ń kọ ebè láti kékeré. Òun la máa ń fi síwájú nínú àáró, kó máa fà wá lọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ́ ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Á gbé e sókè, á yí lọ́wọ́ rẹ̀, á bọ́ síbi tí kò fojú sí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá ara rẹ̀ lójúgun lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní ibà, kò ní ibì kan ń dun òun. Bó ṣe ń gbìyànjú sí i ló ń burú sí i. Àwọn kan ti ń sọ pé aráyé ló wà nídìí ẹ̀. Kí ni ká ṣe?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Kì í ṣe ọkọ́ nìkan ni irú nǹkan yìí ń bá jà. Ìyá tó ti ń gún iyán láti ìgbà ọmọge lè ṣàdédé rí i pé ọmọ odó òun ń gbá etí odó. Ẹni tó ń fọ́ òkúta lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù gbá ìka tó fi di òkúta mú. Ohun tí ọwọ́ ti ń ṣe láìrò ó, ó wá di ohun tí ọwọ́ ò lè ṣe mọ́. Ìdí tó lè fà á pọ̀, èyí tó rọrùn wà níbẹ̀, èyí tó lè pani náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ó kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ewu kúrò lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé lójijì ni, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, tí apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹni náà, ẹ má wo ọkọ́ rárá. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín: ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì gbéra dọ́gba? Ẹ ní kó na apá méjèèjì síwájú, kó di ojú: ṣé ọ̀kan ń já sílẹ̀? Ẹ ní kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀: ṣé ó já gaara? Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá kùnà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ọkọ̀ kíá, ilé ìwòsàn ni. Bó bá jẹ́ zém nìkan lẹ rí, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kó dì í mú dáadáa. Ẹ wo agogo, kí ẹ sì rántí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, dókítà máa béèrè, torí ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló wúlò fún. Ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lágbo. Ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé nǹkan mì dáadáa, ohun tó bá mu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ara rẹ̀ bá sì yá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má ní "ó ti lọ." Ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ ni, èyí tó tẹ̀lé e lè má lọ mọ́.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, yálà ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún rọpárọsẹ̀ jù lọ.

Èkejì kan àwọn tó ń gbin òwú. Bí ẹnì kan bá fọ́n oògùn kòkòrò láàárọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn bò ó, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, oògùn yẹn ti wọ ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú un kúrò lóko, ẹ bọ́ aṣọ tó wọ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ náà, kó ṣọ́ra kí oògùn má kan òun lára.

Àwọn kan wà tí tiwọn kì í ṣe ojijì, díẹ̀díẹ̀ ló ń dé. Lóru ni àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e máa ń kú, á ní kóun máa gbọn ọwọ́ kó tó yé. Láàárọ̀ nǹkan á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ni nǹkan ń fún mọ́lẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo ọwọ́ lílo líle, àti lára àwọn aboyún. Kó fi hàn nọ́ọ̀sì kí ẹran àtẹ́lẹwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ẹ má sì gbàgbé ojú. Èyí ni mo rí pé àwọn èèyàn kì í ronú kàn. Ojú méjèèjì la fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Bí awọ funfun bá ń bo ọ̀kan, ojú kejì á máa ríran, ẹni náà ò ní mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, ṣùgbọ́n ọkọ́ rẹ̀ á máa balẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn ibi tó fẹ́. Kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó wo igi tó wà lókèèrè. Kó bo èkejì, kó tún wò ó. Bí kò bá dọ́gba, dókítà ojú ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Ó dáa. Ẹ ní ọkùnrin Kèrè yìí kò ní ìkankan nínú gbogbo èyí. Ọkọ́ ló kàn, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí òun àti ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ pààrọ̀ ọkọ́. Kí òun fi ti ẹnì kejì kọ ebè méjì, kí ẹnì kejì fi tirẹ̀ kọ méjì, lórí ilẹ̀ kan náà. Bí ọkọ́ rẹ̀ bá ń yí lọ́wọ́ ẹnì kejì náà, ẹ ti rí i. Ọkọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹ wo ibi tí irin àti igi ti pàdé. Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi, igi á sún kì, irin á máa mì díẹ̀ tí ojú ò lè rí. Ẹ di èèkù mú, ẹ fi ọwọ́ kejì mi ojú ọkọ́, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rẹ ọkọ́ sómi lóru kí igi lè wú. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Bí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́, ó tún yẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kékeré, kí wọ́n kàn án wọ ibẹ̀ dáadáa, ìyẹn ló ń pẹ́.

Ẹ tún wo ẹnu ọkọ́. Ẹni tó máa ń kọ ebè láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, etí ọkọ́ kan á jẹ ju èkejì lọ. Ilẹ̀ á máa fà á sí ibi tó gùn, èèkù á máa yí lọ́wọ́. Bí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ dé, ẹ bi í: ṣé bó ṣe tẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe tẹ̀ báyìí? Ọkọ́ tó là sí i díẹ̀, tàbí tó pa mọ́ sí i díẹ̀, ọwọ́ tó ti mọ ti àtijọ́ fún ogún ọdún á máa ṣìnà. Èèkù tuntun náà ń kọ́ni ní ìyà. Ó nípọn, ó ń yọ̀, òógùn á jẹ́ kó máa yí. Ẹ fi rọ́bà inú táyà tó ti bàjẹ́ wé e.

Àti ilẹ̀ náà. Ní àgbègbè wa, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀. Ẹni tó fi ilẹ̀ ẹ̀bá odò sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè, tàbí tí òjò dá dúró lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ méjì, bó ṣe ń ju ọkọ́ tẹ́lẹ̀ ò ní bá ibẹ̀ mu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò bàjẹ́. Ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Ká wá sọ pé ẹ yẹ ara wò, ẹ yẹ ojú wò, ẹ pààrọ̀ ọkọ́, gbogbo rẹ̀ dáa, síbẹ̀ ọwọ́ ò gbọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, ibí yìí náà sì ni àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá babaláwo tàbí wòlíì kiri. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ síbi tí ẹ ò rò.

Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀fù. Àwọn olówó ló sábà máa ń ṣe é. Wọ́n ní pápá rẹ̀ ní Èkó, ní Ikoyi. Igi gígùn kan tó ní irin lórí ni wọ́n máa ń gbé sókè dé ẹ̀yìn èjìká, wọ́n á fi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan kó lọ wọ ihò lókèèrè. Ẹni tó bá gbá a níwọ̀nba ìgbà díẹ̀ kó tó wọ ihò ló borí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń gbé irin sókè tí wọ́n ń jẹ́ kó wálẹ̀, ó jọ ti ọlọ́kọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò sẹ́ni tó náwó láti wo apá àgbẹ̀ Kèrè, ṣùgbọ́n torí owó pọ̀ nínú gọ́ọ̀fù, wọ́n ti wo ti àwọn yẹn fínnífínní. Ẹ jẹ́ ká jẹ nínú owó tí wọ́n ná.

Ní 1991, ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Ian Baker-Finch gba The Open, ìdíje tó pẹ́ jù lọ láyé nínú eré náà. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù òun máa lọ jìnnà sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bó ṣe ń gbé irin sókè padà. Ó gba ìmọ̀ràn lọ́tùn-ún, ó gbà á lósì. Kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ dojú rú. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bó bá ń gbá a láti fi dánra wò, bọ́ọ̀lù ń lọ tààrà. Bó bá ti dé ojú ìdíje, tí èèyàn ń wò ó, ọwọ́ á kọ̀. Ní 1995, ní St Andrews ní Sikọ́tíláǹdì, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ débi pé ó ṣòro kí èèyàn ṣì í, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbá lọ jáde kúrò ní pápá pátápátá. Ní 1997, ní Royal Troon, ó gbá 92 lórí pápá tí wọ́n ka 71 sí iye tó yẹ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wá gbájú mọ́ lẹ́yìn náà, níbi tó ti ṣàlàyé eré náà fún àwọn tó ń wò ó. Apá rẹ̀ ò ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó mú apá yẹn lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ìgbà tí ọmọ kékeré ń kọ́ ọkọ́. Ó ń ro gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ mi ńkọ́, ọwọ́ mi ńkọ́, ibo ni kí n wò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò rò ó mọ́. Ọpọlọ ti gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, sí ibi tó ń ṣe nǹkan láìsọ̀rọ̀, bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń gbé omi lórí. Bí àgbàlagbà tó ti mọ iṣẹ́ bá tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó ń gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Wọ́n ti dán an wò. Ní 2002, Sian Beilock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó àwọn tó ti mọ gọ́ọ̀fù dáadáa jọ. Nígbà kan, wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ́tí sí ohùn kan bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n máa fiyè sí bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ. Ìgbà tí wọ́n fiyè sí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n gbá a burú jù. Wọ́n tún fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe é. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù, bí wọ́n bá ń ro ẹsẹ̀ wọn, bọ́ọ̀lù ń sá fún wọn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ríro ẹsẹ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó dáa fún ọmọ tó ń kọ́ ọkọ́ lè jẹ́ májèlé fún bàbá rẹ̀.

Ẹ wá padà sí Kèrè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ kan ni ọkọ́ yọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lójúgun. Ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ rẹ̀. Ó di èèkù mú gírígírí. Ọwọ́ tó bá le, ọrùn ọwọ́ ò ní rọ̀. Ọrùn ọwọ́ tí kò bá rọ̀, ọkọ́ á yí. Ó tún yọ̀, ẹ̀rù tún pọ̀ sí i. Àwọn ará àáró ń wò ó. Ọ̀kan ní "tẹ̀ sí i," ọ̀kan ní "gbé e sókè sí i," ọ̀kan ní "ẹsẹ̀ rẹ ni." Ó fẹ́ gbọ́ ti gbogbo wọn. Bí Baker-Finch ṣe sọ apá rẹ̀ nù gan-an nìyẹn.

Ohun tí mo rò pé kó ṣe rèé. Kó fi ebè kíkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó máa ṣe iṣẹ́ mìíràn lóko. Kó má fi agídí ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí ohun tí ọwọ́ ń ṣe léraléra ló ń kọ́, ì báà burú.

Bó bá padà, kó lọ ní ìdájí, kó lọ sí oko ara rẹ̀, kó wá ibi tí ilẹ̀ rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wà níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ dúró, kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó tẹ orúnkún díẹ̀ kí ẹ̀yìn má gbé gbogbo iṣẹ́. Kó di èèkù mú bí ẹni di òròmọdìẹ mú: kó má bọ́, kó má sì kú. Kó wá ewé gbígbẹ kan, kó fi í sórí ilẹ̀, kó máa wo ewé yẹn. Kó má wo ọwọ́ rẹ̀, kó má wo irin. Obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gabriele Wulf àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí i ní 1999 pé àwọn tó ń kọ́ gọ́ọ̀fù tí wọ́n fiyè sí bí igi tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe ń lọ ṣe dáadáa ju àwọn tó fiyè sí apá ara wọn lọ. Ohun tó wà níta ara ni kí ojú wà lé.

Kó wá gbé ọkọ́ dé orúnkún péré. Kó jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má tì í. Irin wúwo tó láti wọlẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni gbígbé e sókè àti fífa erùpẹ̀ mọ́ra. Bíi ogún ìgbà bẹ́ẹ̀. Ó máa dà bí eré ọmọdé lójú rẹ̀, kó fara dà á. Bí ogún bá lọ láìyí, kó gbé e dé ìbàdí, ogún mìíràn. Bó bá yí, kó padà sí orúnkún. Kí ó má kọjá ìbàdí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó sì dáwọ́ dúró nígbà tó ń dùn mọ́ ọn, kó má dúró di ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì, bó bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹyọ kan ṣoṣo ni: yálà ẹsẹ̀, tàbí bó ṣe di èèkù mú, tàbí ọkọ́ mìíràn. Bó bá yí mẹ́ta pa pọ̀, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Kó máa kọrin. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣàwàdà. Orin tí àwọn baba wa ń kọ nínú àáró ń ṣe ohun tí ohùn tí Beilock ní kí wọ́n máa tẹ́tí sí ń ṣe: ó ń gba ọkàn kúrò lára apá, ó sì ń fún ọkọ́ ní ìgbà tí yóò lọ sókè àti ìgbà tí yóò wálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń gún iyán ní mẹ́ta nínú odó kan, ẹ mọ èyí ju mí lọ. Bí ẹnì kan nínú yín bá pàdánù ìgbà tirẹ̀, ẹ kì í kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé ọmọ odó. Ẹ ń dáwọ́ dúró, ẹ ń bẹ̀rẹ̀ orin lákọ̀tun, ẹ ń jẹ́ kó wọlé bó bá ti gbọ́ ọ.

Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa sọ̀rọ̀ sí i. Ẹnì kan, ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ kan. Àwọn yòókù, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ má sì máa wò ó láti abẹ́ ojú.

Ti àwọn kan ò ní gbọ́ èyí náà. Ó wà, kò wọ́pọ̀, pé ìka tàbí ọrùn ọwọ́ máa ń fà fúnra rẹ̀, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn, láìsí ìrora. Bó bá ń jẹun tàbí tó ń di okùn, ọwọ́ náà pé. Ó ń bá àwọn tó ń lu dùùrù jà, ó ń bá àwọn tó ń kọ̀wé jà. Bernhard Langer, ará Jámánì, ní irú wàhálà yìí nínú gọ́ọ̀fù nígbà tó bá fẹ́ rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ọwọ́ rẹ̀ á ta lójijì. Kò bá ọwọ́ náà jà. Ó yí bó ṣe ń di igi mú padà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, débi pé àwọn èèyàn ń wò ó tìyanutìyanu. Ó gba ìdíje ńlá Masters ní 1985, ó tún gbà á ní 1993. Ọlọ́kọ́ náà lè gbé ọwọ́ tó wà lẹ́yìn wá síwájú, tàbí kó lo èèkù tó nípọn. Bí ó bá ju oṣù kan lọ, kó jẹ́ kí dókítà yẹ iṣan rẹ̀ wò.

Ní ti aráyé, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rédíò. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé: ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n ti ta á lọ́fà, ṣé ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ ni, tàbí á le sí i? Owó tí ẹ bá fẹ́ fi wádìí ọ̀tá, ẹ fi í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ná.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló kù. Ẹni tó ń ṣe àgbàro, tí wọ́n ń ka ebè sanwó fún, kó má gba iṣẹ́ alákàkà ní àsìkò yìí. Ìkánjú á dá a padà síbi tó ti ń bọ̀. Kó bá olóko sọ̀rọ̀ kí wọ́n ṣe é ní ti ojúmọ́, ì báà dín díẹ̀, tàbí kó gba iṣẹ́ mìíràn bíi gígé ọ̀pá iṣu àti ríru èbù. Nínú àáró, ọjọ́ tó jẹ ẹgbẹ́ ṣì jẹ́ gbèsè, ẹ má fagi lé e, ẹ má sì fi dójú tì í. Kó fi ríru èbù tàbí pípa koríko san án. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹ bá lé e kúrò níwájú báyìí, ọ̀wọ́ náà ò ní yára mọ́, owó yín náà ló ń lọ.

Bó bá jẹ́ pé ọkọ́ ló ní láti rà, kó má kan nawọ́ mú èyí tó ń dán lọ́jà Glazoué. Kó gbé e sókè bí ẹni fẹ́ kọ ebè, kó wò ó bóyá ó ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó fi òkúta kékeré kan gan ojú rẹ̀: irin tó pé á ké gaara, èyí tó ti là nínú á dún bí ìkòkò tó ti sán. Kó mú ọkọ́ àtijọ́ rẹ̀ dání, kó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó wo bí wọ́n ṣe tẹ̀.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù kó ọkọ́ tirẹ̀ wá. Ẹ mi ojú wọn, ẹ wo etí tó jẹ, ẹ pààrọ̀ wọn, kí akọ̀wé kọ iye tó yẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tún kọ́ ìbéèrè mẹ́ta ti rọpárọsẹ̀ yẹn sórí: ẹ̀rín, apá, orúkọ. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí wa, pàápàá ẹ̀yin tó ń fọ́ òkúta, torí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀rọ̀ òòlù àti ẹ̀rún òkúta tó ń ta sójú la máa sọ.